Ọjọ́ tí a fa U yọ

Páálí mílíìkì ni mo gé,
àlùmọ́gàjí mi kò mú, etí wọn rí págunpàgun,
lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n,
mo kó wọn sínú àpò ìrẹsì kan.

Kíláàsì kẹta, ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà.
Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
páànù ṣì ń kán tó, tó, sórí tábìlì mi.
Eré náà kò le:
ki ọwọ́ bọ àpò, fa lẹ́tà kan yọ,
kí ẹgbẹ́ rẹ wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ṣe orí.
Ìdérí mínírà kan fún ọ̀rọ̀ kan.
Ẹni tí ìdérí rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò lu aago ìsinmi,
ẹ kò sì mọ bí ó ti ń wu ọmọdé tó láti lu aago.

B jáde, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀:
búrẹ́dì, bọ́ọ̀lù, búkẹ́ẹ̀tì, báàgì.
Fágbàmígbé ní "bàtà", a bú sẹ́rìn-ín,
ó ní ṣé Òyìnbó kì í wọ̀ ọ́ ni.
T jáde: táyà, tíṣà, télọ̀.
Ẹnìkan ní tòmátò, ẹlòmíràn ní tìmáàtì,
ìjà fẹ́ bẹ́, mo fún àwọn méjèèjì ní ìdérí.

Olúṣẹ̀yẹ ló wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́,
ó fa U.

Kíláàsì dákẹ́
bí ìgbà tí ọ̀gá àgbà bá ń kọjá lójú fèrèsé.
Yorùbá inú ìwé kì í fi U bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀,
ahọ́n wọn kò ríbi dúró.
Ọmọ kan rántí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́:
"Ọ́ńkù!" Mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, U ló síwájú lóòótọ́.
Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Tíṣà, Ọ la gbọ́."
Mo ní agbòjò ńkọ́, ọ̀ńbùrẹ́là?
Wọ́n ní Ọ náà ni.
Mo nawọ́ sí aṣọ ọrùn wọn, yúnífọ́ọ̀mù.
Wọ́n ní Y nìyẹn, ẹ tún un pè kí ẹ gbọ́.
Òyìnbó kọ ọ̀kan, ó pe òmíràn,
kí ni kí n wí?

Lẹ́yìn pátápátá, lórí bẹ́ǹṣì tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan,
Ìbíwùmí dìde.
Oṣù méjì péré ló ti oko kòkó dé, lọ́nà Ìbòdì,
lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀.
Kò tí ì sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá láàárín wa,
torí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ní kí wọ́n bá òun mú "ugbá",
wọ́n sọ ọ́ di orúkọ rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí.
Ó di tábìlì mú. Ó ní,
"Ulé."
Ó ní, "Ugi. Uná. Uṣu.
Umú," ó fọwọ́ kan tirẹ̀.
"Uyọ̀. Ulẹ̀.
Ugbá."
Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ló tẹjú mọ́
nígbà tó pe èyí tó kẹ́yìn.

Ẹ̀rín kan fẹ́ yọ níwájú, ó kú sọ́nà.
Wọ́n ń gbọ́ ọ: U gidi, U tó pe ara rẹ̀ ní U,
U tí ìyá àgbà wọn fi ń pè wọ́n wọlé nírọ̀lẹ́,
U tí èmi náà gbé jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn
lọ́dún tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́,
tí wọ́n ní ohùn ará oko ni.

Eré Gẹ̀ẹ́sì ni, mo mọ̀.
Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ òfin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù.
Mo ka ìdérí mẹ́jọ síwájú rẹ̀.
Mo ní kó má tí ì kó wọn sápò,
ọ̀kọ̀ọ̀kan á di tirẹ̀ bó bá ti mú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá.
"Ulé," ó ní, "háòsì." Ó mú ọ̀kan.
"Ugi..." Ó wo òde, ó wo igi máńgòrò,
gbogbo kíláàsì ń sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́,
títí kan ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Aago ìsinmi pẹ́ lọ́jọ́ náà.
Àwọn kíláàsì yòókù ló rán ọmọ wá bèèrè.
Mo ní kó lọ sọ fún wọn pé U ló fà á.